Èèrà kò ní ọ̀gá, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn kì í dàrú

Ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù ní Gbàgádà, l'Ékòó, tó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀nà méjì ni yóò máa wò. Ọ̀nà kìíní ni títì márosẹ̀ tó wá láti Ọ̀wọ́rọ̀ǹṣókí, tó gba Gbàgádà kọjá lọ sí Anthony àti Òṣòdì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọkọ̀ ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ ti ń bú ara wọn. Ọ̀nà kejì wà lára ògiri ilé rẹ̀ níbẹ̀. Èèrà ló wà lójú ọ̀nà yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀, àwọn kan gbé ẹ̀rún búrẹ́dì, àwọn kan gbé òkú kòkòrò tó tóbi jù wọ́n lọ nígbà mẹ́wàá. Kò sí LASTMA níbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá, kò sì sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró. Síbẹ̀, ẹ kò ní rí ibi tí wọ́n ti dí ara wọn lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà o. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí kan ní ìlú Toulouse, lórílẹ̀-èdè Faransé, tí obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Audrey Dussutour wà lára wọn, tẹ́ afárá tín-ín-rín láti ilé èèrà dé ibi tí wọ́n gbé oúnjẹ sí. Èèrà 400 ni agbo tó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n fi dán an wò, 25,600 ni ti agbo tó pọ̀ jù. Wọ́n rí i pé bí èèrà tilẹ̀ bo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún afárá náà, ìrìn kò dúró. Ní ti àwa ọmọ ènìyàn, bí èrò bá ti gba nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, ìrìn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Àṣírí èèrà ni pé bí ọ̀nà bá ti ń kún jù, àwọn tó wà lẹ́yìn kì í já wọ ibẹ̀, wọ́n á ní sùúrù díẹ̀ ná. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ilé kan náà ni àwọn ń kó oúnjẹ lọ.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ èèrà wò lónìí: bí wọ́n ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, àti ohun tí ó kan àwa àgbẹ̀ àti àwa onílé nínú rẹ̀.

Ta ni ọ̀gá wọn?

Àwọn tó ń ka Bíbélì mọ̀ pé Sólómọ́nì, nínú Ìwé Òwe orí kẹfà, rán ọ̀lẹ sí èèrà pé kó lọ kọ́gbọ́n, ó sì sọ níbẹ̀ pé kò sí aláṣẹ kankan lórí wọn. Àwọn Mùsùlùmí náà mọ̀ pé orúkọ èèrà ni wọ́n fi pe Súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú Àlùkùránì, níbi tí èèrà kan ti kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n tètè wọlé, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Ànábì Sùláímánù ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí ọmọ ènìyàn ti ń wo èèrà.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ìyá èèrà, ìyẹn èyí tó tóbi jù nínú ilé, ni ọba wọn, pé òun ló ń jókòó sí ààfin tó ń rán ìránṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìyá èèrà ń ṣe, òun náà ni kó máa yé ẹyin. Kò mọ ibi tí oúnjẹ wà, kò sì mọ iye àwọn tó jáde lówùúrọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ tí ẹ ń rí tí wọ́n ń rìn lára ògiri, obìnrin ni wọ́n, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́. Ní ti àwọn akọ, wọ́n níyẹ̀ẹ́ lápá, wọ́n á fò jáde nígbà tí àsìkò bá tó, wọ́n á gun abo, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á kú. Wọn kì í ṣiṣẹ́ ilé.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ èyí kí ó má baà dàrú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú: ikán kì í ṣe èèrà. Oyin àti agbọ́n ni ẹbí èèrà, ṣùgbọ́n aáyán ni ẹbí ikán. Tọkọtaya ló wà nínú ọ̀gán ikán, bàbá àti ìyá, àti akọ àti abo ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bí kò bá wá sí ọ̀gá, ta ló ń pín iṣẹ́? Obìnrin onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, Deborah Gordon, ti yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní aṣálẹ̀ Arizona nídìí ìbéèrè yìí. Irú èèrà kan tó ń ṣa hóró koríko jẹ ló ń wò. Ó rí i pé lówùúrọ̀, àwọn kan ló kọ́kọ́ ń jáde bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, láti wò ó bóyá ọ̀nà dára. Àwọn tó ń ṣa hóró á wà nínú ilé, wọ́n á máa dúró dè wọ́n. Bí àwọn ọdẹ bá ń padà wọlé ní kíákíá, èyí túmọ̀ sí pé kò séwu lóde, àwọn aṣahóró á sì jáde. Bí àwọn ọdẹ kò bá padà, kò sẹ́ni tí yóò jáde.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ara wọn nínú òkùnkùn ilé? Òórùn ni. Òróró kan wà lára èèrà, oòrùn tí àwọn ará ìta sì ń yá máa ń sọ òórùn tiwọn di ọ̀tọ̀. Bí èèrà méjì bá pàdé, wọ́n á fi ìwo orí wọn kan ara wọn, wọ́n á sì mọ iṣẹ́ tí ẹnì kejì ń ṣe. Ní ọdún 2003, Gordon àti ẹnì kejì rẹ̀, Michael Greene, gbé ìwádìí kan jáde lórí èyí. Wọ́n kó àwọn ọdẹ kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n wá fi òórùn ara ọdẹ pa ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì kéékèèké, wọ́n sì ń sọ ọ́ sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni o, ṣùgbọ́n àwọn aṣahóró tú jáde lọ síbi iṣẹ́! Iye ìgbà tí èèrà bá ń pàdé ẹni tó ní òórùn báyìí ló ń sọ ohun tó yẹ kó ṣe fún un. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ.

Ọmọdé nínú ilé, àgbà lóko

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ ni ọjọ́ orí. Ní ọdún 2013, Danielle Mersch àti Laurent Keller pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì Lausanne, ní Switzerland, lẹ àmì kéékèèké mọ́ ẹ̀yìn gbogbo òṣìṣẹ́ inú agbo èèrà mẹ́fà, kámẹ́rà sì ń wò wọ́n fún ọjọ́ 41 gbáko. Ọ̀nà mẹ́ta ni iṣẹ́ wọn pín sí. Àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí ń tọ́jú ẹyin àti ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá èèrà. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ ń gbálẹ̀, wọ́n ń kó ìdọ̀tí dà nù. Àwọn tó dàgbà jù ló ń jáde lọ wá oúnjẹ.

Ẹ ó rí i pé èyí yàtọ̀ sí tiwa. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ọ̀dọ́ là ń rán lọ sí oko ọ̀nà jíjìn àti ojú ogun, àwọn àgbà á sì jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ ọmọ. Èèrà ní tirẹ̀ mọ̀ pé ìta léwu. Alángbá wà níbẹ̀, ẹyẹ wà níbẹ̀, òjò àti oòrùn wà níbẹ̀. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ, kí ó má baà jẹ́ pé ọmọdé tó ṣì ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe ni ikú yóò mú lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ wá ńkọ́? Ó jọ pé Sólómọ́nì kò ráyè wọ inú ilé èèrà wò. Ní yunifásítì Arizona, Daniel Charbonneau àti Anna Dornhaus ṣọ́ irú èèrà kékeré kan tó ń gbé abẹ́ òkúta, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ ni kì í sábà ṣe ohunkóhun. Wọ́n á kàn dúró ni. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017, wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó ń ṣiṣẹ́ jù kúrò nínú ilé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àwọn tó ń dúró tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ti dí àlàfo náà. Àṣé àwọn tí à ń pè ní ọ̀lẹ, àpamọ́ agbo ni wọ́n. Bí ìgbà tí àgbẹ̀ tọ́jú iṣu èbù sínú abà ni, ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ ló máa rò pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ìjàlọ: ogun tí kò lójú

Kò sí ará oko tí kò mọ ìjàlọ. Bí wọ́n bá wọ ilé lóru, tọmọdé tàgbà ló ń sá jáde, wọ́n á gbé ọmọ ọwọ́, wọ́n á tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Adìẹ tó bá ń sàba, tí wọ́n kò tètè rántí, egungun rẹ̀ ni wọ́n máa bá lówùúrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá kọjá tán, kò ní sí aáyán, kò ní sí àkekèé, kò sì ní sí eku nínú ilé náà mọ́.

Agbo ìjàlọ kan lè ní mílíọ̀nù lọ́nà ogún nínú. Àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò sì ní ojú rárá! Òórùn àti ìfọwọ́kàn ni wọ́n fi ń rìn. Ìwọ̀n ara wọn kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ìpín iṣẹ́ tiwọn wà. Àwọn tíńtìntín ló ń tọ́jú ọmọ, àwọn àárín ló ń ru ẹrù, àwọn olórí ńlá tí ẹnu wọn dà bí ẹ̀mú ló ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní apá ọ̀tún àti òsì. Wọ́n á la ẹnu sókè, kí àwọn aláàárù lè kọjá láàárín. Ìyá wọn ni èèrà tó tóbi jù lọ tí a tíì mọ̀ láyé, àwọn onímọ̀ sì ṣírò rẹ̀ pé ó lè yé tó mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin ẹyin láàárín oṣù kan.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn pọ̀ ejò ló ń ṣekú pa ejò. Ìjàlọ kan ṣoṣo, ọmọdé á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá kó ara wọn jọ, ejò tó ti jẹun yó, tí kò lè rìn dáadáa, kò ní lè bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ilé ìwòsàn èèrà ní Comoé

Gbàgádà ní ilé ìwòsàn ìjọba tí gbogbo ará Èkó mọ̀. Ta ló mọ̀ pé èèrà náà ní tiwọn? Ní igbó ọba Comoé, ní àríwá Côte d'Ivoire, irú èèrà dúdú ńlá kan wà tó jẹ́ pé ikán nìkan ló ń jẹ. Ọ̀kan nínú wọn á kọ́kọ́ lọ ṣe amí. Bí ó bá rí ibi tí ikán pọ̀ sí, á padà wálé, á sì kó àwọn 200 sí 600 lẹ́yìn. Wọ́n á tò tẹ̀léra lọ. Tí wọ́n bá débẹ̀, àwọn ńlá á fọ́ amọ̀ tí ikán fi bo ọ̀nà, àwọn kéékèèké á wọlé lọ pa ikán, àwọn ńlá á wá kó ẹran náà padà.

Ikán náà ní ọmọ ogun, wọ́n sì máa ń gé àwọn èèrà yìí lẹ́sẹ̀. Olùwádìí ará Jámánì kan, Erik Frank, ló sọ ní ọdún 2017 ohun tó rí níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣèṣe á tú òórùn kan jáde bí ìgbà tó ń ké gbà mí, àwọn yòókù á sì gbé e relé. Ní ọdún 2018, ó tún fi hàn pé bí wọ́n bá délé, àwọn ẹlòmíràn á máa lá ojú ọgbẹ́ náà. Nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò rí ìtọ́jú ló kú láàárín ọjọ́ kan. Nínú àwọn tó rí ìtọ́jú, nǹkan bí mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Ìwádìí ti ọdún 2023 wá fi kún un pé wọ́n mọ ọgbẹ́ tí kòkòrò àrùn ti wọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó mọ́, wọ́n sì ní oje kan lára tí wọ́n ń fi sí i bí oògùn. Ẹni tó bá gé lẹ́sẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà kì í gbà kí wọ́n gbé òun, á máa jà pìtìpìtì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀. Ẹni tó lè padà sẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé.

Èèrà pupa orí igi àti owó àgbẹ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àpò wa nìyí. Ẹni tó bá ti gun igi máńgòrò, igi ọsàn tàbí igi kòkó rí mọ èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ bí ẹni rán àpò. Oró ẹnu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé yẹn ni kí ẹ wá wò. Àwọn òṣìṣẹ́ á fi ẹnu di ìbàdí ara wọn mú, wọ́n á so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n, wọ́n á sì fa etí ewé méjì pọ̀. Àwọn mìíràn á gbé ọmọ wọn tí kò tíì lẹ́sẹ̀, tó rí bí ìdin, wọ́n á máa fi ẹnu ọmọ náà kan ewé tọ̀tún tòsì bí ìgbà tí ahunṣọ ń ju ọ̀kọ̀. Òwú funfun ló ń jáde lẹ́nu ọmọ, òwú náà ló ń lẹ ewé pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ń tọ́jú ọmọ nínú ilé, àwọn ńlá ló ń ṣọdẹ níta. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, Bert Hölldobler, sì rí i lára ìbátan wọn tó wà ní Ọsirélíà pé àwọn tó ti darúgbó ni wọ́n ń fi sí ilé ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ààlà. Àwọn ìyá àgbà ni jagunjagun wọn!

Ní ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ rí eṣinṣin abèsojẹ́ kan láti ilẹ̀ Éṣíà ní Kẹ́ńyà. Nígbà tó fi di ọdún 2004, ó ti dé orílẹ̀-èdè Benin. Abo eṣinṣin yìí á gún awọ máńgòrò, á yé ẹyin sínú rẹ̀. Lójú, èso náà á dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e, ìdin ni wọ́n máa bá. Ìyá tó ra máńgòrò sọ́jà èso Ìkòsí-Kétu mọ irú àdánù yìí. Apẹ̀rẹ̀ tó fi owó gọbọi rà lè di ohun dídà nù kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé.

Ní agbègbè Parakou, ní àríwá Benin, Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ wo oko máńgòrò. Ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2007. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí èèrà pupa bá ṣe pọ̀ lórí igi tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbàjẹ́ eṣinṣin ń dín kù tó. Kì í ṣe pípa nìkan ni èèrà ń pa eṣinṣin. Òórùn tí èèrà fi sára èso gan-an ń lé e, kì í fẹ́ yé ẹyin síbẹ̀. Ní Gánà, láti bí ọdún 1970 lọ, Dennis Leston àti Jonathan Majer ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa oko kòkó, pé ibi tí èèrà yìí bá gbilẹ̀ sí, kòkòrò tó ń mu omi ara kòkó kì í gbádùn ibẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìwé kan tí wọ́n kọ ní ọdún 304 sọ pé wọ́n ń ta ilé èèrà lọ́jà fún àwọn olóko ọsàn.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń fín oògùn pa èèrà yìí, nítorí pé ó ń jẹ àwọn tó ń ká èso. Oògùn tó pa èèrà kì í mú eṣinṣin kúrò pátápátá; òmíràn á tún fò wá láti oko ẹlòmíràn, kò sì ní bá ẹ̀ṣọ́ kankan lórí igi mọ́. Owó oògùn ti lọ, ọ̀tá sì ti padà. Ẹni tó bá fẹ́ ká èso láìpa èèrà lè lo ọ̀pá gígùn tó ní àpò lẹ́nu, tàbí kó fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó èèrà dé igi mìíràn lè ta okùn láti igi dé igi bí afárá. Kí ó ṣáà má pò agbo méjì pọ̀ o, ogun ni wọ́n máa fi ṣe. A kò sì ní purọ́, èèrà yìí ní àléébù tirẹ̀. Ó ń sin àwọn kòkòrò funfun kan tó ń mu omi ara ewé, nítorí omi dídùn tí wọ́n ń tọ̀. Àǹfààní rẹ̀ lórí máńgòrò ló pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ti inú ilé ńkọ́?

Fún ẹ̀yin tí èèrà ń dà láàmú ní ilé ìdáná, ẹ rántí pé òórùn ni ọ̀nà wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ṣúgà á fi òórùn sàmì sílẹ̀ padà sílé, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, àmì náà á sì máa le sí i. Ẹ fi omi ọṣẹ nu ojú ọ̀nà náà, ẹ kó oúnjẹ kúrò ńlẹ̀, ẹ dí ihò tí wọ́n ń gbà wọlé. Kò di dandan kí ẹ fín oògùn sí ibi tí ọmọdé ti ń jẹun.

Ọ̀rọ̀ wa kò ju báyìí lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìyá èèrà kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ ilé kò sì retí àṣẹ. Olúkúlùkù ń wo ẹni tó pàdé lọ́nà, ó ń mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí, ó sì ń lọ síbẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá tún rí èèrà pupa lórí igi máńgòrò rẹ̀, kó tó gbé páǹpù oògùn kọ́ ẹ̀yìn, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè bóyá kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí kò gba owó oṣù ló fẹ́ lọ pa.